Ọjọ́ Difẹ́ǹsì: Ẹ Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Jiyàn

Gbogbo ẹni tó bá ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ilẹ̀ wa ló máa jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fi ìbéèrè wádìí lẹ́nu rẹ̀ bóyá òun ló ṣe iṣẹ́ tó gbé wá, àti bóyá iṣẹ́ náà tó oyè. Difẹ́ǹsì ni tonílé tàlejò ń pè é nínú ọgbà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá, ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò láàárín wákàtí díẹ̀.

Alága á wà níbẹ̀ láti darí ìjókòó. Alábòójútó akẹ́kọ̀ọ́ náà á wà níbẹ̀, àti olùdánwò láti inú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan láti ẹ̀ka mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ojú ń wò ni olùdánwò àtìta, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti yunifásítì mìíràn wá, tí kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ náà rí. Bí ó bá ní iṣẹ́ kò tíì tó, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àṣà mímú olùdánwò wá láti ìta yìí ti pẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Durham sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1832, Oxford ni wọ́n ti ń mú olùdánwò wá, kí aráyé lè gbà pé oyè wọn kì í ṣe ayédèrú. Nílẹ̀ tiwa, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn wà láti 1948. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn tó yege níbẹ̀ títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró. Láyé ìgbà yẹn, àti ṣáájú rẹ̀ pàápàá, òkun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀mọ̀wé ń là kọjá. Lọ́ńdọ̀nù ni Fádípẹ̀, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti gba tirẹ̀ ní 1939, lórí ìgbé ayé àwa Yorùbá. Ó kú ní 1944, kò sì rí iṣẹ́ náà kó di ìwé: 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Edinburgh ni Ayọ̀ Bámgbóṣé lọ lórí gírámà èdè wa. Ẹni tó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ni Wándé Abímbọ́lá, orí Ifá sì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Láti ìgbà náà, ilé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é. Ọwọ́ wa náà ni ìmúrasílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé iwájú ìgbìmọ̀, ó yẹ kó ti ṣe sẹ́míńà lórí ohun tó fẹ́ wádìí, kó sì tún ṣe òmíràn nígbà tó bá kó dátà dé, láti sọ ohun tó rí. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ difẹ́ǹsì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá ń ṣe sẹ́míńà kí ó ṣáà ti di ṣíṣe, tí olùkọ́ mẹ́ta péré wá, tí wọ́n béèrè ìbéèrè méjì, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó ti fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìní ohun ìjà de olùdánwò àtìta.

Lójú tèmi, ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣubú lọ́jọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ilé tí a kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó níbẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé a kì í já àgbà ní koro. Ẹ̀kọ́ náà dára, n kò ní í bú u. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó kọ iṣẹ́ lórí ìpolówó ọjà. Olùdánwò ti fi bébà há ojú ìwé bí ogún nínú iṣẹ́ náà. Ó ṣí ọ̀kan, ó gbé ojú sókè lẹ́yìn jígí rẹ̀, ó ní: “Kí ló dé tó jẹ́ ọjà méjì péré lo ti gba ohùn sílẹ̀?” Obìnrin yìí mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń béèrè, orí rẹ̀ sì ti funfun. Ó tẹríba, ó ní: “Ẹ ṣeun, sà. Mo máa tún un ṣe.” Wọ́n béèrè òmíràn, ó tún ní òun á tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa béèrè ẹ̀karùn-ún, olùdánwò ti kọ ọ́ sínú ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò mọ ìdí tí òun fi ṣe ohun tí òun ṣe.

Ìdáhùn tó yẹ kó fún wọn kò gùn: “Ẹ ṣeun, sà. Nínú ọjà méjèèjì yìí ni wọ́n ṣì ti ń fi ẹnu polówó. Ní èyí tó kù nílùú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń lò, mo sì ti sọ ọ́ ní ojú ìwé kejìlá pé iṣẹ́ mi kò kàn án.” Kò sí àrífín nínú rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lórí ọjà méjì yẹn, obìnrin náà ló gbọ́n jù nínú yàrá náà, òun ni wọ́n sì wá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí olùdánwò bá ti mú un dání lóòótọ́, bóyá ìṣirò kò jọra tàbí ó gbàgbé ìwé pàtàkì kan, kó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dúpẹ́. Kó mọ èyí tó yẹ kó gbà yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó gbèjà: iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

A kì í fi àdúrà nìkan kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gba kí wọ́n ṣe difẹ́ǹsì àfidánrawò, ó kéré tán ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n pe olùkọ́ tí kò ka iṣẹ́ náà rí, kó wá béèrè bí àjèjì. Kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Èéṣe tó fi jẹ́ ọ̀nà yìí lo gbà? Ta ni o kò fara mọ́ nínú àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú? Kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn láìwo ìwé. Kó lọ ka ohun tí olùdánwò àtìta fúnra rẹ̀ ti kọ. Kó sì tún iṣẹ́ tirẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sí orí kejì.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń wá ìrẹsì, adìẹ àti ohun mímu tí ìgbìmọ̀ máa fi panu. Ní àárọ̀ tó yẹ kó fi fara balẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ń tẹ olóúnjẹ láago. Yunifásítì ló pe àlejò. Yunifásítì ni kó tọ́jú àlejò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wọ́n á ní kó bọ́ síta. Bí wọ́n bá pè é padà, àtúnṣe ni wọ́n sábà máa ń gbé lé e lọ́wọ́, kékeré tàbí ńlá. Kí ìyẹn má bà á lẹ́rù: ìwọ̀nba làwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́míńà tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìbéèrè, ẹ má gbà á dáhùn fún un. Bí ó bá ní “mo máa tún un ṣe”, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ tún ṣe níbẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.