Ẹni Tó Kó Lọ, Àgádágodo Rẹ̀ Ṣì Wà Lórí Wáyà

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé London, tó gba fúláàtì oníyàrá méjì ní Woolwich. Ó ti sanwó ilé, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkòkò àkọ́kọ́ ti gun iná. Ó wá pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan pé kí wọ́n wá so tòun. Ẹni tó gbé fóònù tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ló bá ní, “Ẹ má bínú, nǹkan kan ti wà lórí láìnì yín tẹ́lẹ̀. A ò lè gbé tiwa lé e.” Ó ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Kò tíì ra nǹkan kan láti ìgbà tó ti wọlé.

Òótọ́ ni, òun kọ́ ló rà á. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló rà á, tó di ẹrù, tó bá tirẹ̀ lọ, tí kò sì pe ẹni tó ń tà á fún un pé òun ti fi ilé náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè yé ẹni tó ti Nàìjíríà wá, torí SIM là ń rà nílé. Láti ìgbà tí GSM ti dé lọ́dún 2001, dátà kì í bá ilé gbé, ara ẹni ló ń bá rìn: bí o bá kó láti Mókọ́lá lọ sí Bódìjà, àpò rẹ ni íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ọ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. SIM wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì tí odidi ilé ń lò, tí ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí ìyá fi ń rí ojú àwọn ará ilé lórí WhatsApp láìro ti owó dátà, ara ògiri ló sábà máa ń gbà wọlé. Ilé ló ni wáyà. Ayálégbé kàn ń bá a lò ó ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́, wáyà bàbà tín-ín-rín méjì ni, tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ó kúrò nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lára ògiri, ó gba orí òpó tàbí abẹ́ ilẹ̀ dé inú àpótí irin aláwọ̀ ewé tó wà létí títì, kó tó forí lé ilé iṣẹ́ fóònù àdúgbò. Openreach, ẹ̀ka BT tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn wáyà yìí. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a máa yá a lò, wọn a sì máa ta íntánẹ́ẹ̀tì lórí rẹ̀ lórúkọ tiwọn. Ìdí nìyí tí ilé méjì tó fara kan ara wọn fi lè máa sanwó síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ títì kan náà ni wáyà àwọn méjèèjì gbà.

Ẹ yọjú wo inú àpótí náà nígbà tí ènjiníà bá ṣí i. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ló kún ibẹ̀, ti funfun, ti búlúù, ti ọsàn, tó wé mọ́ra bí irun tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ènjiníà á fi ìka wá méjì tó jẹ́ ti ilé kan jáde, á tẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ihò kan. Wáyà méjì, ojú ihò kan, íntánẹ́ẹ̀tì kan. Irú wáyà bàbà bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ti ilé iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní kí wọ́n tú ti ẹni ìṣáájú, ibẹ̀ ló máa wà, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ á sì wà nínú àkọsílẹ̀ láìnì náà. Àmì inú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní “tag” nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dà bí ìsọ̀ ọjà tí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ti kó ẹrù lọ, tí àgádágodo rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wàhálà rẹ̀ ju báyìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní MAC lọ́wọ́ wọn. Ofcom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, fi ṣòfin ní oṣù Kejì ọdún 2007 pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà wọn ní nọ́ńbà náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ọjọ́ 30 ló fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó kú. Ìyẹn dára fún oníbàárà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ni àmì orí wáyà kò mọ̀ ọ́n rí. Bó bá pè wọ́n, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ò sì gbọdọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà mìíràn. Nígbà míì, kò tilẹ̀ mọ ilé iṣẹ́ wo ni kó pè. Nọ́ńbà tó nílò wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, lórúkọ ẹni tó ti lọ.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni MAC kógbá sílé lórí wáyà Openreach. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tuntun ló ń ṣe gbogbo ètò. Ti ẹni tó kó wọlé ní orúkọ tirẹ̀: “working line takeover”, ìyẹn ni pé kí wọ́n gba láìnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tuntun. Ilé iṣẹ́ tuntun á béèrè láìnì náà, ilé iṣẹ́ àtijọ́ á gbọ́, wọn á sì kọ̀wé sí ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó yarí pé òun ṣì wà nílé, láìnì á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 10.

“Working line takeover” yẹn gan-an ni kí nọ́ọ̀sì wa sọ lórí fóònù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé fóònù ló máa rántí rẹ̀ fúnra wọn, àwọn míì á ní kó dúró títí ti àkọ́kọ́ á fi parí. Kó má dúró. Kó sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni, kó sọ ọjọ́ tóun gba kọ́kọ́rọ́, kó sì dárúkọ ètò náà. Ètò “One Touch Switch” tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kọ́ ni tirẹ̀. Ẹni tó ti ní àdéhùn tó sì fẹ́ pààrọ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

Àdírẹ́sì ló sábà máa ń da gbogbo rẹ̀ rú. London kún fún ilé alájà mẹ́ta tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé nígbà kan, tí wọ́n ti wá gé sí fúláàtì mẹ́rin. Onílé lè máa pe ọ̀kan ní “Flat 2”, kí lẹ́tà máa bá a wá ní “Flat B”, kó sì jẹ́ “First Floor” ló wà nínú àkọsílẹ̀ wáyà. Bí wọ́n bá mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, wáyà aládùúgbò ni wọ́n máa gbà. Ẹni ẹlẹ́ni á jí láàárọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti kú. Nítorí irú èyí ni lẹ́tà fi ń ṣáájú. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé bá ṣì ń dún, ohun kan wà tó rọrùn: ki fóònù oníwáyà kan bọ̀ ọ́, tẹ 17070. Ohùn ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà láìnì náà sí ọ létí. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì kà á fún ilé iṣẹ́ tuntun, torí nọ́ńbà kò lórúkọ mẹ́ta bíi fúláàtì. Kí ẹni tó fẹ́ lò ó tètè lò ó o. Oṣù Kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá pé fóònù ayé àtijọ́ yìí máa dákẹ́ pátápátá.

Fáíbà ló ń rọ́pò rẹ̀, òun náà sì ní tirẹ̀. Okùn dígí tó ń wọlé máa ń parí sínú àpótí funfun kékeré kan lára ògiri, tí wọ́n ń pè ní ONT, tí iná kéékèèké ń tàn lójú rẹ̀. Ráúta ni ayálégbé lè yọ, torí òun ni ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Àpótí yẹn, ti ilé ni. Ẹni tí kò mọ̀ á yọ méjèèjì, á kó wọn sínú báàgì kan náà, ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á bá okùn lásán lára ògiri, á sì máa dúró de ọjọ́ tí ènjiníà á ráyè.

Ìbẹ̀rù kan tún wà tí àwọn èèyàn wa gbé ti ilé wá. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti kó wọ ilé tó bá gbèsè iná nílẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí: wọ́n á gbé àkàbà dé, wọ́n á gé iná, kò sẹ́ni tó máa béèrè ta ló jẹ ẹ́. Gbèsè íntánẹ́ẹ̀tì ní Britain kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tọwọ́ bọ àdéhùn ló ń tẹ̀ lé, kò sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ilé sí pé ilé yìí ò dáa. Bí lẹ́tà bá ń wá lórúkọ ẹni tó lọ, kọ “not known at this address” sẹ́yìn rẹ̀, jù ú padà sínú àpótí lẹ́tà. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ lórí gbèsè ẹni tí kò mọ̀, torí pé ó fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tètè dé.

Ẹ̀tọ́ tún wà fún ẹni tí wọ́n bá fi ọjọ́ dá lóhùn tí wọn ò sì wá. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni ètò owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Ofcom: pọ́n-ùn 5 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí íntánẹ́ẹ̀tì tuntun bá fi pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá, pọ́n-ùn 25 bí ènjiníà kò bá wá lọ́jọ́ tó ní òun ń bọ̀. Iye náà ti gbé pẹ́ẹ́lí sí i láti ìgbà yẹn, torí wọ́n ń fi kún un bí ọjà ṣe ń wọ́n. Owó náà yẹ kó wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé oníbàárà bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló tọwọ́ bọ ètò náà, nítorí náà ó yẹ kéèyàn béèrè kó tó yan èyí tó fẹ́.

Kò sí èyí tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì Woolwich bí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ bá ti pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń di ẹrù lọ́wọ́, ẹ pe ilé iṣẹ́ yín bí oṣù kan ṣáájú, ẹ dá ọjọ́ tí láìnì máa kú, ẹ gba èsì rẹ̀ lórí ímeèlì. Ẹ mú ráúta lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpótí funfun yẹn sílẹ̀ lára ògiri.