'Ìwà rẹ̀ jọ ti apààyàn': Bí ìmọ̀ ìhùwàsí ṣe ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, àti bó ṣe lè ṣì wọ́n lọ́nà

Bí alùpùpù bá sọnù ní Datcha níbí, ilẹ̀ kì í ṣú kí orúkọ ẹnìkan tó jáde: ẹni tí kì í kí èèyàn, tàbí àlejò tó ń dá gbé. Ẹ̀rí kò tíì sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà rẹ̀ jọ ọ́.

Àwọn ọlọ́pàá lókè òkun náà máa ń fi ìwà wá ọ̀daràn, àmọ́ tiwọn bá ẹ̀kọ́ lọ. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá á yẹ ọṣẹ́ tí wọ́n ṣe wò. Ṣé apààyàn náà mú ọ̀bẹ wá látilé, àbí ohun tó bá níbẹ̀ ló lò? Ẹni tó mú un wá ti gbèrò tẹ́lẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe sọ irú ẹni tí wọ́n lè máa wá. Ọdún 1972 ni FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Ní Port Harcourt, Nàìjíríà, lọ́dún 2019, wọ́n ń bá òkú obìnrin ní òtẹ́ẹ̀lì kan tẹ̀lé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń fún wọn lọ́rùn pa jọra débi pé aráàlú fura sí ọwọ́ kan náà. Síbẹ̀, kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì ló fi ojú Gracious David-West hàn. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Lójú tiwa, àpèjúwe ìwà lè sọ ibi tí ọlọ́pàá yóò wò, kò lè sọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1992, wọ́n gún Rachel Nickell lọ́bẹ pa ní Wimbledon Common, níṣojú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Onímọ̀ kan, Paul Britton, ṣàpèjúwe irú ẹni tó lè ṣe é. Ọlọ́pàá wo Colin Stagg, ọkùnrin tó ń dá gbé, tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn níbẹ̀, wọ́n ní ó bá a mu. (Ta ni kò mọ irú Stagg ládùúgbò rẹ̀?) Wọ́n rán obìnrin ọlọ́pàá kan sí i, kó díbọ́n bí olólùfẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò jẹ́wọ́. Wọ́n ṣáà tì í mọ́lé, títí adájọ́ fi da ẹjọ́ náà nù ní 1994.

Robert Napper, tó pa á gan-an, ṣì wà níta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, tí Stagg ṣì wà látìmọ́lé, ó pa ìyá mìíràn àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. Àyẹ̀wò DNA ló padà tú u fó, ọdún 2008 ló sì gbà nílé ẹjọ́ pé òun ló pa Nickell. Lọ́dún kan náà ni wọ́n fún Stagg ní £706,000 owó gbà-má-bínú.