Ìlà Tí Ó Pàdé Lójú: Àlàyé lórí Ìsopọ̀ Ìlà nínú Àwòrán Ilẹ̀ ní Alímòṣọ́

1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró láti sọ̀rọ̀ lórí ìlà inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ìgàndo. Nígbà tí àwa ọmọ fẹ́ pín in, a gbé ìwé ilẹ̀ náà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ní Ìkòtún, ẹni tí ń bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwòrán tí ó yà dára lójú. Ìlà ààlà yí ilẹ̀ ká, a kò rí àlàfo kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí ẹ̀rọ ka ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, àwọn ìlà yìí kò tíì di ọ̀kan."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ tú síwájú yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé kíkọ àṣẹ tí yóò so ìlà pọ̀ kò ṣòro púpọ̀; ohun tí ó ṣòro ni láti sọ bí ohun méjì ti gbọ́dọ̀ súnmọ́ra tó kí a tó pè wọ́n ní ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò lè bá wa pinnu èyí.

2. Ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹ̀rọ mọ̀

AutoCAD, tí ó jáde ní ọdún 1982, wà lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń lò. Lójú rẹ̀, ìlà gbọọrọ kò ju ibi méjì lọ: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Nọ́ńbà ni ó fi mọ ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kan bá parí sí 18.000, tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ ní 18.004, mílímítà mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn. Ojú kò lè rí i lórí ìwé. Fún ẹ̀rọ, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kódà, bí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣe déédéé, ìlà méjì ni wọ́n ṣì jẹ́ títí a ó fi pàṣẹ pé kí wọ́n di ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí ètò náà ń pè ní polyline.

Ènìyàn lè fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè bí Alímòṣọ́, níbi tí ilé ti fara kan ilé láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìgàndo, àwòrán àdúgbò kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ àṣẹ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1986 ni AutoCAD ti ní èdè tirẹ̀ fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, AutoLISP, ọmọ LISP tí John McCarthy dá sílẹ̀ ní ọdún 1958.

3. Bí àṣẹ náà ti ń ṣiṣẹ́

Àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ìlà jọ bí ìdì igi. Yóò mú ọ̀kan, yóò wo ibi tí ó parí sí, yóò sì yẹ àwọn yòókù wò: èwo ni orí tàbí ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ orí ni, yóò so ó mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìdí ni, yóò yí ìlà náà padà kí ó tó so ó, nítorí ayàwòrán lè ti fa ọ̀kan lọ kí ó sì fa èkejì bọ̀. Yóò yọ èyí tí ó ti so kúrò nínú ìdì, yóò sì tún wá òmíràn láti òpin tuntun náà. Bí ó bá bá ìlà méjì pàdé níbì kan náà, bí ó ti máa ń rí níbi tí ilẹ̀ aládùúgbò méjì gbé pàdé, àṣẹ tí a kọ dáadáa kò gbọdọ̀ méfò. Ó yẹ kí ó dúró, kí ó bi ayàwòrán. Nígbà tí kò bá sí èyí tí yóò so mọ́, yóò wò bóyá òpin ti padà bá ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti ní ààlà, ẹ̀rọ sì lè ka ìwọ̀n rẹ̀.

4. Ìlà tí ó tẹ̀

Ìlà tí ó tẹ̀ ni ó mú mi rántí iṣẹ́ ti ara mi. Ẹ wo "rí" àti "owó". Nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀, wọ́n di "rówó". Fáwẹ̀lì "í" ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ. Ó dúró lórí fáwẹ̀lì tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìlà títẹ̀. Kí a tó so ó, ó ní àárín, ó sì ní ìwọ̀n láti àárín náà dé etí. Nígbà tí ó bá wọ inú polyline, méjèèjì ti pa rẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó kù láti sọ bí ó ti tẹ̀ tó. Nọ́ńbà náà ni tangent ìdámẹ́rin igun tí ìlà náà gbà: 0 fún ìlà gbọọrọ, 1 fún ìlàjì òbìrìkìtì, 0.4142 fún ìdámẹ́rin òbìrìkìtì. Bí ìlà bá ń yí sí ọwọ́ òsì, nọ́ńbà náà kò ní àmì. Bí ó bá ń yí sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gba àmì ìyọkúrò. Nítorí náà, bí àṣẹ wa bá yí ìlà padà, ó gbọ́dọ̀ yí àmì náà padà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Púlọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ mítà 18 sí 36 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 648. Bí a bá tẹ igun rẹ̀ kan tí ó kọjú sí títì, tí a fi ìdámẹ́rin òbìrìkìtì tí ó jẹ́ mítà 3 láti àárín dé etí ṣe é, ó ku 646.07. Bí ẹni tí ó kọ àṣẹ bá gbàgbé àmì, ìlà náà yóò tẹ̀ wọ inú ilẹ̀ dípò kí ó yọ síta, ìwọ̀n náà yóò sì di 640.93. Ìlà so pọ̀, ẹ̀rọ kò ráhùn, ilẹ̀ tí ó ju mítà onígun mẹ́rin 5 lọ sì ti sọnù.

5. Súnmọ́ tó báwo?

Nínú àṣẹ PEDIT, a lè sọ fún ẹ̀rọ bí àlàfo ti lè tóbi tó kí ó ṣì dí i. Ayàwòrán wa fún un ní ìdajì mítà. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìlà so pọ̀. Inú wa dùn, àfi ìgbà tí mo fi nọ́ńbà igun kọ̀ọ̀kan wé ti inú ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Igun kan ti fi sẹ́ńtímítà 20 sún wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Lórí ẹ̀gbẹ́ tí ó jẹ́ mítà 36, ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3.6 tí kì í ṣe tiwa. Láyé àtijọ́, igi pèrègún ni a fi ń sàmì sí ààlà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ hú u lójú ayé. Nínú ẹ̀rọ, pèrègún lè rìn láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ìwé tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá sì bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti fi tọrọ ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, lè di ẹjọ́ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jiyàn. Ó dín àlàfo náà kù sí mílímítà 5, ó sì padà sí nọ́ńbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mú bọ̀ láti orí ilẹ̀ fún igun tí kò pàdé. Àwòrán dé ojú ìwọ̀n.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe pé mo ní kí a sá fún ẹ̀rọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àṣẹ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe: àlàfo mélòó ni ó dí, igun wo ni ó sún, báwo ni ó ti sún tó. Kí ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà sì máa béèrè kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Aládùúgbò wa ní Ìgàndo kò mọ̀ títí di òní pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, a sì ń kí ara wa ní àlàáfíà.