Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Mìíràn, Ẹ Yẹ Oríkèé Wáyà Wò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo fẹ́ gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, “ká-ká-ká” nìkan ni mo gbọ́. Iná iwájú ọkọ̀ ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Bẹ́ẹ̀ bátìrì náà kò tíì pé oṣù méjì tí mo rà á, nítorí àìsàn yìí kan náà. Takisí ni a wọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a óò fi débẹ̀, àkókò tí wọ́n dá fún màmá ti kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́, aládùúgbò wa kan pe rìwáyà àgbà kan wá. Bàbá náà kò sọ pé kí n ra ohunkóhun. Ó mú mítà rẹ̀ jáde, ó fi ẹnu kan kan orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò, ó fi ẹnu kejì kan irin ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Mítà náà fi fóòtì 3 hàn.

“Ọmọ mi,” ni bàbá wí, “ara bátìrì yá. Ọ̀nà ni ó dí.”

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná mànàmáná. Bí ó bá ti orí àmì àròpọ̀ jáde lọ ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ara irin ọkọ̀ àti wáyà dúdú padà sí orí kejì. Georg Ohm, ará Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1827 pé bí ìdènà bá wà lójú ọ̀nà, fóòtì yóò ṣòfò níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí bá ń fa áńpíà 150, ìdènà tí kò ju ọ́ọ̀mù 0.02 lọ ti tó láti gba fóòtì 3 mọ́ ọn lọ́wọ́.

Báwo ni a ṣe ń wá irú àrùn yìí? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi. Èyí tí ó kún máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.7.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú wá àwọn oríkèé: ibi tí wáyà ti pàdé wáyà, tàbí tí ó ti pàdé irin. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tàbí funfun, rọ́bà tí ó ti yọ́, wáyà tí eku ti jẹ, gbogbo wọn ni ẹ̀rí.

Paríparí rẹ̀, ẹ wọn ọ̀nà náà nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, bí bàbá ti ṣe. Fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo tí ó kù nínú wáyà lè fi fóòtì 12 hàn nígbà tí kò sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ru ẹrù. Láti orí bátìrì dé irin ẹ́ńjìnnì, bí òfò bá ju fóòtì 0.5 lọ, ọ̀nà ti dí.

Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ tú wáyà orí àyọkúrò; òun náà ni ẹ óò dè kẹ́yìn. Ẹ fi omi àti sódà tí a fi ń yan àkàrà òyìnbó fọ ẹnu bátìrì, ẹ ha á títí yóò fi dán, ẹ dè é le, kí ẹ wá fi fasilíìnì pa á lára. Wáyà tí ó ti dúdú nínú, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ má kàn lọ́ ọ pọ̀ kí ẹ fi téèpù wé e. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ti wáyà.

Ẹ má sì fi wáyà rọ́pò fíúsì tí ó jó láé. Ẹ̀ṣọ́ ni fíúsì. Bí ó bá kú, ẹ wádìí ohun tí ó pa á, nítorí bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò gbiná. Pupa jẹ́ áńpíà 10, búlúù 15, yẹ́lò 20; iye tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi padà. Àwọn wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tí ó so mọ́ àpò afẹ́fẹ́ inú síárìn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi í sílẹ̀ fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Níbi tí wáyà dúdú tèmi ti wọ inú irin tí ó di orí bátìrì mú ni bàbà ti jẹrà. Bàbá gé e, ó fi orí tuntun sí i. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn, a sì gbé màmá débẹ̀ lásìkò.

Bátìrì àkọ́kọ́, èyí tí mo ti tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kò ṣàìsàn rárá. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí rìwáyà bá ní kí ẹ lọ ra tuntun, ẹ rọra bi í léèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọn ọ̀nà wò?”