IMÚ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ
Bí a ṣe ń fi páìpù afẹ́fẹ́ tútù sí ọkọ̀, àti ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ ń mu epo. Bí epo bá tán, ọkọ̀ á dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ ń mí. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọ inú ẹ́ńjìnnì, táńkì epo ìbáà kún dẹ́nu, ọkọ̀ náà kò ní lọ síbì kankan.

Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé gàrí, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu wa láti oko dé ọjà. Láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, láti Ìlawọ̀, láti Máṣífà àti láti àwọn abà kéékèèké, lọ́rì àti píkọ́ọ̀pù ló ń kó ẹrù lọ sí Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ wa mìíràn ń gba Kútọnu, Lómé àti Àkúrá kọjá lọ sí Abíjáàn, níbi tí àwọn ará Èjìgbò ti ń gbé láti ayé àwọn bàbá wa. Owó tí wọ́n yá ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ra ọkọ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì lè kú, ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá a kú.

Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń ra páìpù tuntun kan fi sí ọkọ̀ wọn, èyí tí a lè pè ní páìpù afẹ́fẹ́ tútù. Àwọn tó ń tà á ní ọkọ̀ yóò lágbára sí i. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí á tó náwó.

IṢẸ́ TÍ AFẸ́FẸ́ Ń ṢE

Ẹ rántí ilé àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ní èédú, ó sì ní iná, ṣùgbọ́n irin kò ní rọ̀ àfi bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ń fín ẹwìrì. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu ẹwìrì ló ń mú kí iná náà jó kíkankíkan.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì rí. Inú rẹ̀ ni iná ti ń jó. Nígbà tí písítìn bá lọ sílẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tí ó bá gòkè, á fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀. Epo á gbiná, agbára iná yẹn á sì ti písítìn padà sílẹ̀. Ìyẹn ló ń yí táyà.

Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Kí epo bẹntiróòlù kílò 1 tó jó dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kílò 15. Lítà epo 1 péré ń gba afẹ́fẹ́ bíi lítà 9,000. Bí a bá lè rọ afẹ́fẹ́ yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a fi ń ra epo pupa, kẹ́ẹ̀gì 360 ni yóò kún!

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń WÁ AFẸ́FẸ́ TÚTÙ?

Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa wú. Èyí tó bá tutù a máa sún mọ́ra. Ẹ ronú nípa àgbàdo olódidi tí a ń kó sínú àpò. Bí a bá tò ó mọ́ra, púpọ̀ ni yóò wọ àpò náà. Bí a bá dà á sí i wúruwùru, díẹ̀ ni àpò yóò gbà. Afẹ́fẹ́ tútù dà bí àgbàdo tí a tò mọ́ra. Ti gbígbóná dà bí èyí tí a dà wúruwùru.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń gbóná gan-an. Ká ní afẹ́fẹ́ ìta wà ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 60. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú 100 tí ì bá rí gbà láti ìta, bíi 9 yóò sọnù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi páìpù fa afẹ́fẹ́ láti ìta wá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí wọn kì í sọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló jẹ́ pé àwọn tó ṣe wọ́n ti fi imú wọn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ìta wà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ojú tọ páìpù náà láti ẹ́ńjìnnì títí dé ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà lẹ́yìn iná iwájú tàbí nínú mọ́gáàdì, afẹ́fẹ́ ìta ló ti ń fà tẹ́lẹ̀. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èrè páìpù tuntun kéré. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni yóò pọ̀ sí i.

Ohun tí ó sì ga jù ni èyí: kì í ṣe kí afẹ́fẹ́ tutù nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ní agbègbè tiwa yìí, mímọ́ àti gbígbẹ ṣe pàtàkì ju títutù lọ.

Ọ̀TÁ KÌÍNÍ: ERUKU

Ọ̀nà oko wa pupa, ó sì kún fún eruku. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, eruku mìíràn tún ń bá afẹ́fẹ́ wá láti òkè ọya. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Ṣáàdì wá, láti ibi tí a ń pè ní Bodélé, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ.

Eruku kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì le ju irin ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ó bá wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á sì máa ha písítìn àti ríìngì bí ìgbà tí káfíńtà ń fi sáńpépà ha igi. Bó pẹ́ bó yá, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Èéfín búlúù á máa jáde. Òkè tí ó ti ń gùn tẹ́lẹ̀ á wá di ìṣòro fún un.

Asẹ́ ló ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ eruku. Kò sí obìnrin tí yóò dín gàrí láìkọ́kọ́ kù ú. Láyé àwọn bọ́lẹ̀kájà Bedford, láàrin 1950 sí 1970, abọ́ ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ asẹ́ nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì. Afẹ́fẹ́ á gba orí ọ́ìlì náà kọjá, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lóde òní, asẹ́ bébà tàbí ti òwú ló wọ́pọ̀.

Àwọn awakọ̀ kan a máa yọ asẹ́ sọnù pátápátá, wọ́n á ní kí ọkọ̀ lè fà dáadáa. Èyí dà bí ẹni tó yọ ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, tí ó wá ṣílẹ̀kùn fún olè. Ẹ má ṣe é láéláé.

Ọ̀TÁ KEJÌ: OMI

Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè fún afẹ́fẹ́ lítà 16, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, di lítà 1. Bí omi bá wà níbẹ̀ nígbà tí písítìn ń gòkè, omi náà kò ní gbà. Irin tó gbé písítìn dúró ló máa tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́.

Páìpù afẹ́fẹ́ tútù mìíràn gùn débi pé ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nítòsí táyà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí ọ̀gbàrá bá bo ojú ọ̀nà, ẹnu páìpù náà lè mu omi. Ẹ wo àwọn lọ́rì ńláńlá tó ń kọjá lójú títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni imú wọn ga sókè lẹ́yìn ilé awakọ̀. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ ìdí rẹ̀: eruku àti omi kì í pọ̀ lókè tó bí ó ti pọ̀ nílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un tá. Ẹ tì í jáde, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì kí ó yọ omi kúrò nínú rẹ̀ ná.

KÍ Ẹ TÓ RA Á

Ẹ kọ́kọ́ yẹ asẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ yín wò. Bí ó bá ti dọ̀tí tàbí tí ó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, asẹ́ tuntun nìkan ti tó láti dá agbára ọkọ̀ padà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti páìpù.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ páìpù náà, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ yín, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ìwé inú páálí bá jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé kí ẹ jọ kà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé, "Bàbá, gbogbo wọn náà ni."

BÍ A ṢE Ń FI Í SÍ ỌKỌ̀

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ fi igi há táyà. Ẹ dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù.

2. Ẹ to gbogbo ohun tó wà nínú páálí sórí aṣọ mímọ́, kí ẹ kà wọ́n. Bí nǹkan kan bá dín, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì −. Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan èyí tó ní àmì +.

4. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ bá wà lára páìpù àtijọ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ tẹ ìdè rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kàbúrétọ̀ kì í ní sẹ́ńsọ̀ yìí.

5. Ẹ tú àwọn kílíìpù, kí ẹ yọ páìpù àti àpótí asẹ́ àtijọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí nọ́ọ̀tù má bàa já sínú rẹ̀. Ẹ kó àwọn ohun àtijọ́ pamọ́. Ẹ lè tún nílò wọn.

6. Ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ sínú páìpù tuntun. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀. Ẹ wá àmì ọfà lára rẹ̀, báyìí: →. Ẹ́ńjìnnì ni ọfà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Bí a bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

7. Ẹ fi irin tó ń dí ooru sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya asẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ooru ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ni ẹ tún sanwó láti fà.

8. Ẹ yọ aṣọ tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀! Ẹ wá fi páìpù àti asẹ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán dè é. Ẹ rí i pé kò kan fáànù, bẹ́líìtì tàbí ohunkóhun tó ń yí. Nígbà náà ni kí ẹ wá fi irinṣẹ́ dè é le. Bí rọ́bà kékeré kan bá ti wà lára páìpù àtijọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fi í sí ti tuntun náà.

9. Ẹ dá wáyà sẹ́ńsọ̀ àti orí bátìrì padà, kí ẹ tá ọkọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣùù" láàrin asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé láìgba inú asẹ́. Eruku náà yóò gba ibẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tún kílíìpù dè.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà, ẹ tún fi irinṣẹ́ kan gbogbo kílíìpù, nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀ a máa tú wọn.

ÌTỌ́JÚ ASẸ́

Asẹ́ bébà: a kì í fi omi fọ̀ ọ́, a kì í sì í gbá a mọ́ òkúta. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, láti inú sí ìta ni kí wọ́n rọra fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti ya, ẹ sọ ọ́ nù.

Asẹ́ òwú olọ́ìlì: ẹ fi ọṣẹ tirẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbi òjìji títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọ́ìlì tirẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, yóò bá afẹ́fẹ́ lọ lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀, á sì bà á jẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ asẹ́ wò léraléra ju ìgbà òjò lọ. Nígbà òjò, ẹ máa ṣọ́ ẹnu páìpù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ tútù fi wúlò fún ẹ́ńjìnnì ju gbígbóná lọ?
2. Kí ni eruku ń ṣe fún písítìn?
3. Kí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ọkọ̀ bá kú sínú omi?
4. Apá ibo ni àmì → ara sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí?
5. Ẹ lọ wo ọkọ̀ kan ní àdúgbò yín. Níbo ni imú rẹ̀ wà? Ẹ kọ ìdáhùn yín ní gbólóhùn méjì.