Kí Ló Wà Nínú Àwo Sààrì Yín?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìdájí tí aláààwẹ̀ ti dánu dúró títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ máa ń lé ní wákàtí 13. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹni tó bá ti yó bámú nídìí sààrì ti bọ́. Síbẹ̀, a máa ń rí ẹni tó yó tí ebi tún ń pa kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ẹ wo ògì tí a da ṣúgà sí, tí a fi búrẹ́dì funfun jẹ. A ti sẹ́ eèrí kúrò lára ògì, nítorí náà kì í pẹ́ dà nínú ikùn. Ṣúgà rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á tú ínsúlínì jáde láti kó o kúrò níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ebi á fi dé. Gàrí mímu náà nìyẹn. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ jáde, kò ní jẹ́ kó lọ sílẹ̀ jù. Ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló léwu: ṣúgà lè ga lẹ́yìn sààrì, kí oògùn sì tún fà á wálẹ̀ jù lọ́sàn-án.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi sínú àwo yẹn. Èròjà amáradàgbà àti háhá rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò nínú ikùn, díẹ̀díẹ̀ sì ni ṣúgà ń wọ ẹ̀jẹ̀. A ò ní kí ẹ pa ògì tì o. Ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù, kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tàbí ẹlẹ́ja jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ àmàlà ni, ẹ bù ú kéré, kí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja pọ̀; ẹ̀wà ṣáà ni gbẹ̀gìrì. Ẹ rọra fi iyọ̀ sí i nítorí òùngbẹ. Ẹ má jẹ sààrì lóru kí ẹ sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́: ẹ jẹ́ kó súnmọ́ àsùbáà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ wá rí wa ní ilé ìwòsàn kí oṣù Ramadan tó wọlé, pàápàá ẹni tó ń gún ínsúlínì, ẹni tó ń lo glibenclamide, àti aboyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn pín fúnra yín. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ló sọ pé gígún ìka láti wo ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, Kùránì (Súrà 2, ẹsẹ 185) sì fún aláìsàn láyè láti san án lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 mg/dl lọ tàbí tó ga ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà bó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun màgíríbì. Bó bá ga tó bẹ́ẹ̀, omi lásán ni kí ẹ mu, kí ẹ sì wá sí ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ pé ó wálẹ̀ ni, tàbí tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré 3 tàbí 4 mọ́ omi, kí ẹ mu ún, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu; ẹ sáré gbé e wá.