Katakata Tí Ń Ti Bàálù: Ọjà Rẹ̀ Ń Gbòòrò, Agbára Rẹ̀ Ń Yí Padà

Bàálù ńlá, ẹyẹ onírin tí ń bú ramúramù lójú sánmà, tí ó ń gbé 300 èèyàn ré kọjá òkun láàárín òru kan, kì í fi agbára ara rẹ̀ rìn sẹ́yìn kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́. Táyà rẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń yí i bí ti mọ́tò, bí awakọ̀ bá sì ní kí ẹ́ńjìnnì abẹ́ apá ti òun sẹ́yìn, ìjì tí yóò jáde lè máa ju òkúta wẹ́wẹ́ lu èèyàn àti dúkìá. Katakata kúkúrú kan ni yóò tì í. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó bàálù nílẹ̀ ni wọ́n ni iṣẹ́ yìí. Ní Nàìjíríà, àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ni NAHCO, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, àti SAHCO, ọmọ bíbí inú Nigeria Airways, tí ìjọba tà fún aládàáni ní 2009. Kí títì tó bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan yóò ki irin kékeré tí a so aṣọ pupa mọ́ bọ ẹsẹ̀ iwájú bàálù, kí agbára tí awakọ̀ fi ń darí ẹsẹ̀ náà má baà bá katakata jìjàkadì. Bí títì bá parí, yóò yọ irin náà, yóò nà án sókè, awakọ̀ yóò sì fojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó gbéra. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí àwọn èrò ti ń pọ̀ ni ọjà katakata ń gbòòrò. Ní 2019, nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 ni ìrìn-àjò èrò bàálù lágbàáyé. Àrùn Kòrónà já a wálẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 1.8 ní 2020, ṣùgbọ́n nígbà tí 2024 fi parí, ìrìn-àjò ti ju ti ìṣáájú lọ, iṣẹ́ sì tún dé fún àwọn tí ń rọ katakata.

Irú èyí tí wọ́n ń rà náà ti ń yí padà. Katakata àtijọ́ a máa fi irin gígùn kọ́ bàálù lẹ́sẹ̀, ó sì ní láti wúwo gan-an kí táyà rẹ̀ má baà yọ̀. Ti ìgbàlódé ń gbé ẹsẹ̀ iwájú bàálù lé ara rẹ̀, ìwúwo bàálù a sì di ìwúwo tirẹ̀. Bátìrì náà sì ti ń gba ipò dísù. Ẹrù bátìrì tí ń ni mọ́tò lára, èrè ni fún katakata tí ìwúwo jẹ́ agbára rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, àsìkò tí ó fi ń dúró de bàálù sì pọ̀ tó láti fi gba iná. Ilé-iṣẹ́ Lektro ti ń ṣe katakata oníná ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1960. Lóde òní, British Airways ń lo katakata oníbátìrì Mototok ti Jámánì, tí òṣìṣẹ́ ń fi rìmóòtù darí, ní Heathrow. Òfin èéfín àti owó epo tún wá kún un: àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Ní ti Nàìjíríà, owó dọ́là ni a fi ń ra katakata àti ẹ̀yà ara rẹ̀, náírà sì ti rẹlẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà 2023. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ra oníbátìrì láìṣètò iná tí kò ní ṣẹ́jú ní pápákọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi máa fún un ní agbára, dísù tí ó sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣì máa jó. Iná ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n tó ra katakata.